Garawa Ìdájí

Ìró garawa ló máa ń jí mi. Àkùkọ kò tíì kọ tí ìyá mi á ti bẹ̀rẹ̀ sí pọn omi sínú gbogbo ohun tó bá lè gba omi: garawa, kẹ́ẹ̀gì, ìkòkò, títí kan abọ́ tí mo fẹ́ fi bu ọbẹ̀. Ẹni tó bá rí i á rò pé omi ń sanwó oṣù fún un ni.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, omi ẹ̀rọ ń yọ nínú ilé wa ní Sùúrùlérè. Torí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe gba ilé náà, kí n lè mú ìyá mi kúrò ní Muṣin, níbi tó ti ń tò fún omi ní ìdájí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Èmi náà ń ti ibi iṣẹ́ ní Yábàá bọ̀ lálaalẹ́ pẹ̀lú ara tó ti kú tán. Oorun díẹ̀ tó kù fún mi, garawa ń gbà á mọ́ mi lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹ̀yìn tì kí ẹ máa jẹun ọmọ. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó."

"Ṣé o mọ ìgbà tí wọ́n máa mú omi lọ ni?"

Nígbà tó sú mi, mo kó àwọn garawa sínú yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn. Mo sùn dáadáa. Àwọn aládùúgbò ń kí mi pé mo mọ ìyá tọ́jú. Ṣùgbọ́n Màmá kò jí ní ìdájí mọ́. Oòrùn á ti là kó tó dìde, á jókòó sórí àga, kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Oúnjẹ ń kù sínú àwo rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bi mí pé kí lòun tún ń ṣe láyé, ẹ̀rù bà mí gidigidi.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo ti omi tó ń wọlé wa pa. Mo gbé garawa síta, mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Màmá, omi ò yọ o."

Ó dìde fùú. "Mi ò sọ fún ẹ? Olórí kunkun! Gbé garawa yẹn wá!" Ó ń bú mi lọ títí dé ìdí ẹ̀rọ ẹnu géètì tí gbogbo àwa ayálégbé jọ ń lò. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó jẹun tán.

Bó ṣe di iṣẹ́ mi nìyẹn. Mò ń jí ṣáájú ìyá mi, mò ń ti omi pa, mò ń padà dùbúlẹ̀ láti gbọ́ bó ṣe ń ṣépè fún ìjọba. Ó rẹ̀ mí dọ́kàn, mi ò sì lè ṣíwọ́.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, mo ti omi pa, mo dùbúlẹ̀, mò ń retí ìró garawa. Ilẹ̀ mọ́, mi ò gbọ́ ìró kankan láti yàrá Màmá. Àwọn ọmọ iléèwé bẹ̀rẹ̀ sí kọjá lójú títì. Mo dìde, mo kọ́kọ́ lọ ṣí omi náà, kí n tó lọ wo yàrá ìyá mi.