Ìwé Kọ̀ǹpútà Tí A Tú, Tí A Tún Rán

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fara dà á bí ọ̀rọ̀ mi kò bá já gaara. Ìwé mẹ́fà ni mo dúró sí kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ rírán ìwé pọ̀.

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Bẹẹrẹ ni mo ti ń ṣe é nígbà tí ọ̀gá wa ra kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin tó bá wa ṣètò rẹ̀ kọ ìwé ìlò kan tì í, èmi ni mo rán an. Gbogbo nǹkan ló wà nínú ìwé kan ṣoṣo: bí a ṣe ń tẹ̀wé, bí a ṣe ń fi iṣẹ́ pamọ́, títí dórí bí a ṣe ń nu inú ẹ̀rọ mọ́ pátápátá, tí iṣẹ́ kankan kò ní ṣẹ́kù níbẹ̀.

Màmá kan ló ń fi kọ̀ǹpútà náà tẹ̀wé fún wa. Aládùúrà ni wọ́n. Bí wòlíì bá ní kí wọ́n ka Sáàmù méje, wọn kì í dúró ní mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ka ìwé náà, wọ́n ń ka ojú ewé kan, wọ́n ń ṣe ohun tó wí. Wọ́n dé ibi ìnùmọ́, wọ́n nù ún. Ìwé ìkórè tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Mọ̀lété gbé wá, tí wọ́n ti tẹ̀ sínú rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀gá pariwo. “Ta ló rán yín débẹ̀?”

“Ìwé ni, sà. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́.”

Bọ̀dá tó ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ́rìn-ín. “Tó bá ní kẹ́ ẹ bẹ́ sódò Ògùnpa ńkọ́?”

“Ìwọ tí o kì í kàwé, ta ló máa rán ọ lọ sódò?” màmá dá a lóhùn.

Ọ̀gá ní kí màmá máa lọ sílé ná. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọ-ọmọ wọn. Ọkàn mi bàjẹ́.

Nígbà tí ọkùnrin kọ̀ǹpútà dé, ó di orí mú. “Ẹ̀bi mi ni. Ó yẹ kí ìwé àwọn tó ń lò ó dá wà, kí ti ẹni tó ń bójú tó o dá wà.” Mo tú òwú, ó ṣa ewé, mo rán wọn ní ìwé méjì. Ọ̀gá mú tirẹ̀, èyí tí ìnùmọ́ wà nínú rẹ̀, wọ yàrá.

“Kí màmá padà wá lọ́la,” ó ní. “Ẹni tó máa jókòó tì wọ́n ni mi ò mọ̀.”

“Ẹ má wò mí o,” bọ̀dá ní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, màmá dúró níwájú kọ̀ǹpútà, wọn kò fọwọ́ kàn án. Mo gbé àpótí ìjókòó mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ṣí ìwé wa. Mo ní, “Màmá, ẹ kọ́ èmi náà.”