Ọbẹ̀ Abiyamọ Tí Wọ́n Bù fún Mi

Òórùn kan tí n ò lè dárúkọ ló kọ́kọ́ jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kan, itọ́ sì ń yọ lẹ́nu mi. Ogun abẹ́lé ò tí ì parí tipẹ́ nígbà náà. Ilé oníyàrá mẹ́wàá là ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, yàrá kọjú sí yàrá, kíṣìnì kan ṣoṣo la jọ ń lò lẹ́yìnkùlé, kò sì sí ohun tẹ́nì kan máa sè tí àwọn yòókù ò ní mọ̀. Èmi náà gbà pé mo mọ ọbẹ̀ sè. Irú fún ẹ̀fọ́, ata ilẹ̀ fún ẹran, ẹ̀fínrín fún inú rírun. Ẹni tó bá ti mọ ìwọ̀nyí, lójú tèmi, ti parí ẹ̀kọ́ ìdáná. Ọmọdé ló ń ṣe mí.

Mo lóyún oṣù mẹ́ta lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ àfi ọkọ mi, tó ń ru ẹrù ní wáàfù Àpápá, àti ìyá rẹ̀ tó ń gbé nítòsí Màlúù Road. Àkọ́kọ́ ti bàjẹ́ lára mi lọ́dún tó ṣáájú. A ò sọ ìyẹn fẹ́nikẹ́ni náà, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ní ojú mi ló tú àṣírí, pé ẹni burúkú ti rí i lójú mi. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní kí n fi í pamọ́ dáadáa. Gbogbo ìgbà ló ń pa á lówe fún mi pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ni mo bá ń wọ bùbá gbàgẹ̀rẹ̀, tí mo bá sì bì láàárọ̀, mo máa ní ibà ni.

Ìyàwó tó wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa, ará Wàrì, ti bímọ lọ́sẹ̀ yẹn, ìyá rẹ̀ sì ti wá láti ilé láti tọ́jú rẹ̀. Òun ló ń se ọbẹ̀ tó ń ta sánsán yẹn, pẹ́pẹ́súùpù tí wọ́n máa ń fún abiyamọ mu. Ìyá arúgbó náà bu abọ́ kan wá fún mi, ó kún dẹ́nu, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi kí n jẹ ẹ́ níṣojú òun. Nínú ilé bíi tiwa, tó o bá kọ oúnjẹ ẹnìkejì, àfi bíi pé o pè é lájẹ̀ẹ́. Ká tiẹ̀ sòótọ́, ebi ń pa mí. Mo mu ún tán, òógùn bò mí, ìgbà náà ni mo wá rí èso dúdú gígùn kan nísàlẹ̀ abọ́.

Ẹ̀ẹ̀rù ni. Inú àgbo nìkan ni mo ti ń rí i nílé wa, n ò mọ̀ pé àwọn kan ń fi í se ọbẹ̀. Ìyá mi sì ti kìlọ̀ fún mi kí n tó relé ọkọ pé aboyún kì í fẹnu kàn án, kó má baà ba oyún jẹ́. Mo fi ẹ̀rín bò ó, mo bi ìyá náà pé kí ni èyí ń ṣe. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"My pikin, e go wash your belle well well. Nothing go remain for inside."

Àánú mi ló ń ṣe é. Láti ọjọ́ tó ti dé ló ti ń wò mí, ẹni tó ti pé ọdún mẹ́ta nílé ọkọ tí kò tí ì gbọ́ igbe ìkókó, ó sì ti fi ẹ̀ẹ̀rù kún tèmi ju ti ọmọ rẹ̀ lọ, kí inú mi lè mọ́, kí n lè lóyún.

Bó ti gbé abọ́ rẹ̀ lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo ki ìka bọ ọ̀fun. Èébì tó ń yọ mí lẹ́nu lójoojúmọ́, ọjọ́ tí mo wá a gan-an ni kò wá. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mi. Mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní, mo ń wo ìró mi léraléra bóyá ẹ̀jẹ̀ ti yọ. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀rù ìyá ọkọ mi náà sì ń bà mí. Tí mo bá sọ ọ́, mo ti tú àṣírí. Tí mi ò bá sọ ọ́, ta ló máa gbà mí? Àwọn àgbà ní tá a bá sá pamọ́ fún ẹni tó lè pa wá, ká fara han ẹni tó lè gbà wá là. Mo di ògiri mú, mo kọjá sí yàrá tí ìyá arúgbó náà wà.

"Mama," mo ní, "I get belle. Three months."

Ó gbé ìkókó náà fún ìyá ọmọ, ó dì mí mú padà sórí ẹní mi, ó fi ìrọ̀rí tì mí lẹ́sẹ̀. Ó bi mí ṣáá pé kí ló dé tí n ò sọ̀rọ̀ kí n tó mu ọbẹ̀ náà. Bí inú bá lọ́ mi, á di ọwọ́ mi mú. Bó bá dẹ̀, á máa gbàdúrà lédè rẹ̀. N ò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń ké ní òdìkejì, kò dìde. Ìrọ̀lẹ́ ni inú náà tó dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò sì yọ.

Oyún náà dúró. Ìyá ọkọ mi gbọ́ pé mo ti tú àṣírí, ó bínú, kò sì yà sọ́dọ̀ wa títí mo fi bímọbìnrin nígbà ọyẹ́.

Ọmọ yẹn ti lọ́mọ tirẹ̀ báyìí. Ó ní abọ́ ọbẹ̀ kan ò lè ba oyún jẹ́, pé ata ló lọ́ mi nínú. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí oyún àkọ́kọ́ lọ, ńṣe ni mo fọ aṣọ mi, mo sá a, mo sì dáná alẹ́. Gbogbo ilé ń kí mi pé ẹ kú iṣẹ́, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ kú ìrọ́jú ló yẹ kí wọ́n kí mi. Ká ní èkejì yìí náà lọ lọ́jọ́ yẹn, nínú gbogbo ará ilé, ìyá arúgbó tó bu ọbẹ̀ fún mi nìkan ni ì bá bá mi sunkún.