Ọkọ̀ Ìwé Sango àti Orúkọ Tí Mo Fò

Ọdún tí owó epo fò sókè lójijì ni mò ń sọ, nígbà tí owó ọkọ̀ tó ń kó ìwé láti Ìbàdàn wá sí Sango fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí a ń ra ìwé gan-an. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa òǹtàwé. Kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo ti bá wọn daṣẹ́ sílẹ̀ nílé iṣẹ́ irin lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo gbà pé kò sẹ́ni tó mọ ìjà jà tó mi.

A fẹ́ kí ìjọba bá wa san nínú owó ọkọ̀ náà. Mo ní kí gbogbo wa ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́sẹ̀ tí iléèwé máa wọlé. Ni Ìyá Ìbùkún bá dìde. Ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé e wá sí ìlú wa. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ilo-Awela kò tíì pé ọdún méjì.

"Ẹ má bínú o, Bàbá Akọ̀wé. Tá a bá tì í, àwọn ọmọ ló máa jìyà ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ práìsì méjì sára ìwé kọ̀ọ̀kan: iye tá a rà á, àti iye tí ọkọ̀ gbà. Káwọn òbí fojú ara wọn rí i."

"Ìjà kọ́ nìyẹn," mo ní. "Ìpolówó ọjà ni."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pàtẹ́wọ́, mo tiẹ̀ ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ṣùgbọ́n ètè lásán ni. Mò ń jowú rẹ̀ burúkú burúkú.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn òbí ti ń gbé ìwé oníye méjì lọ bá káńsẹ́lọ̀ wọn. Nígbà tí a wá tò lọ sí ọ́fíìsì ìjọba l'Ọ́tà, tí a ru páálí ìwé tó ṣófo kí wọ́n lè rí i pé ìwé ò wọlé mọ́, ọ̀gá tó jáde sí wa kọjá níwájú mi. "Èwo ni Ìyá Ìbùkún nínú yín?" Èmi tí mo kọ gbogbo lẹ́tà! Títí di òní, ó ṣì ń ta mí lára.

Ìjọba gbà. Ọkọ̀ kan yóò máa kó ìwé wa lóṣooṣù lọ́fẹ̀ẹ́, fún ṣọ́ọ̀bù tí akọ̀wé bá fi orúkọ wọn ránṣẹ́. Mo jókòó, mo kọ orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fo tirẹ̀. Kì í ṣe pé mo gbàgbé.

Nígbà tí ọkọ̀ kọ́kọ́ dé, kò yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wá bá mi.

"Bàbá, wọ́n ní orúkọ mi ò sí níbẹ̀."

"Àwọn ọ́fíìsì ló máa ti fò ó," mo ní. "Màá bá wọn sọ ọ́."

"Ẹ ṣé, sà. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ó rẹ̀ yín."

Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Kí ọdún tó yí po, ó ti kógbá sílé. Gáàsì ìdáná ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí.

Ọkọ̀ náà ṣì ń wá, ìwé sì ti dínwó díẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ohun tá a jà fún nìyẹn, a rí i gbà. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù Ilo-Awela ti lọ, èmi ni mo sì pa á, kì í ṣe owó ọkọ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ṣì ń lọ. Ó yẹ kí n lọ jẹ́wọ́ fún un, mi ò tíì lè ṣe é.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo pàdé rẹ̀ lábẹ́ bíríjì Sango. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Ìbùkún, kí Bàbá. Àwọn ló jà fún wa."