Bàtà ọkùnrin yẹn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa

Ìgbà tí ọkùnrin yẹn wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ tó sì mi orí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé a lè pàdánù ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Inú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ní Rippleside, nílùú òyìnbó níbí, la ti ń jọ́sìn. Wọ́n fẹ́ wó o kọ́ fúláàtì. Òní ni ọkùnrin tí wọ́n rán yìí wá wọn inú ilé, kí wọ́n lè fún wa ní àyè tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ níbòmíì.

Bàbá, olórí ìjọ wa, dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà.

"Sọ fún un kó bọ́ bàtà."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọkùnrin náà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní òfin iṣẹ́ òun ni bàtà onírin tó ń dáàbò bo ẹsẹ̀ yẹn. Bí òun ò bá sì wọlé, òun ò ní àyè kankan láti kọ sílẹ̀ fún wa.

"Kí ló wí?"

"Bàbá, ó ní iṣẹ́ òun ò gbà á."

"Nọ́ọ̀sì àti ọlọ́pàá inú ìjọ yìí ń bọ́ tiwọn. Ṣé ẹsẹ̀ tiẹ̀ ló wá yàtọ̀ ni?"

Màmá mi, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, rọra fà mí láṣọ. "Má túmọ̀ ìyẹn o."

Ọkùnrin náà lọ láìwọlé. Ọ̀la ló ń padà bọ̀, ó ní ìgbà ìkẹyìn nìyẹn. Mo ní kí n ra ọ̀rá tí wọ́n fi ń bo bàtà nílé ìwòsàn. Bàbá ní bàtà tó wọṣọ, bàtà ṣì ni.

Yorùbá tí mò ń kọ́ kò tíì tó irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa bẹ Bàbá pé kó jẹ́ kí ọkùnrin yẹn fi ọ̀rá bo bàtà wọlé, tí kò fi ní dà bí àrífín?