Orin Pálọ̀ Ìyá Ará Rọ́ṣíà

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mi ò lè ní ọ̀tá ló ṣe mí, mi ò lè ní ayé ni. Ẹnu ara mi ni. Gbogbo ìgbà ni mò ń sọ fún àwọn ọmọ kọ́áyà wa pé kí wọ́n máa rò ó kí wọ́n tó sọ ọ́, èmi tí mò ń wí ni n ò rò ó.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní Atlanta. Austell ni mò ń gbé, ìyá tí wọ́n fún mi wà ní Fayetteville, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan lórí hàìwéè. Ará Rọ́ṣíà ni ìyá náà, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Iṣẹ́ kí á máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní píánò ló ṣe títí rọpárọsẹ̀ fi mú un lápá ọ̀tún. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo pè é ní Màmá, ó ní òun kọ́ lòun bí mi. Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá, a kì í pe àgbà lórúkọ nílé wa." Ó ní kí n ṣáà má fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ kan píánò òun.

Ta ló bi í nípa píánò? Èmi náà kúkú ń tẹ dùùrù. Èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní West End láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ọjọ́ tí mo sọ fún un ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kí n fa àpótí kan jáde lábẹ́ píánò.

Ìwé orin ló kún inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti pọ́n bí háhá àgbàdo, etí wọn ń rún síni lọ́wọ́. Màmá ní orin pálọ̀ ni, orin tí wọ́n ń tẹ̀ ní Rọ́ṣíà àtijọ́ táwọn àlejò bá jẹun tán, tí ọmọbìnrin ilé bá fẹ́ kí wọ́n rí òun. Àwọn tó kọ ọ́ kò lókìkí. Ọ̀kan jẹ́ dókítà ológun. Ọ̀kan jẹ́ ìyàwó ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ̀ kó fi orúkọ sí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ló bá ya ìràwọ̀ mẹ́ta síbi tó yẹ kí orúkọ wà. Nígbà tí ìjọba yí padà, wọ́n ní orin ọ̀lẹ ni, orin àwọn tó ń jẹ lórí ẹlòmíì, ọ̀pọ̀ èèyàn sì fi tiwọn dáná. Ìyá Màmá rán tirẹ̀ mọ́ inú ìrọ̀rí. Ìrọ̀rí yẹn ni Màmá gbé wọ Amẹ́ríkà.

Ẹ ò rí i, èmi tí n ò mọ̀ ju orin Ọlọ́run lọ, kò pẹ́ tí mo fi ń fi imú kọ orin dókítà ológun nínú ọkọ̀. Lọ́jọ́ kan tí kọ́áyà tú, mo yà sí ilé ìkàwé kan nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì, mo bẹ obìnrin tó wà níbẹ̀ kó bá mi wá wọn. Ó rí dókítà, ìlà kan péré. Oníràwọ̀ mẹ́ta, kò rí i rárá. Ó dùn mí bí ẹni pé ẹbí mi ni.

Orin kan wà nínú àpótí yẹn tí kò dé ilé ìtẹ̀wé rí. Oníràwọ̀ mẹ́ta ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ fún ìyá Màmá, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni ìyá náà nídìí píánò. Ìyá Màmá a máa tẹ̀ ẹ́ fáwọn ọmọ rẹ̀ nílé. Ẹ̀dà rẹ̀ kò sí níbòmíì láyé.

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó kú," Màmá wí. "Lódindi. Ọmọ mi ò mọ píánò tẹ̀. Ìwọ ni kó o tẹ̀ ẹ́ fún mi."

Orí mi wú. Nínú gbogbo Atlanta, èmi ló bẹ̀!

Ẹni tó bá ti ṣe kọ́áyà nílé mọ bí a ṣe ń ṣe é. Orin onílà márùn-ún, tó kún fún nóòtì dúdú, ojú wa kì í yá sí i. Lẹ́tà dò-rè-mí la fi ń kọ tiwa: d, r, m, f, s. Ọ̀gá tó kọ́ mi á gbé orin òyìnbó ka iwájú mi, á ní kí n yí i sí lẹ́tà, ìlà mẹ́rin fún ohùn mẹ́rin, obìnrin méjì, ọkùnrin méjì. Tí mo bá kan àwọn nóòtì wẹ́wẹ́ tó ń sáré gòkè sáré sọ̀, á ní, "Ọ̀ṣọ́ nìyẹn. Fò ó." Mo sì mọ̀ ọ́n fò. Kò sẹ́ni tó yá ju èmi lọ.

Bí mo ṣe ṣe orin Màmá náà nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń kọ ọ́ sínú ìwé mi nígbà tó bá ń sun oorun ọ̀sán. Wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ kọjá àlà. Ojú ìwé mìíì dà bí ìgbà tí èèrà bo ṣúgà. Mo fò wọ́n. Nígbà tí mo tẹ ohun tí mo kọ, omi bọ́ lójú rẹ̀, mo rò pé ayọ̀ ni.

Ó ní, "Àwọn kéékèèké dà?"

"Màmá, ọ̀ṣọ́ nìyẹn."

"Ọ̀ṣọ́ kẹ̀? Inú wọn ni orin wà."

Inú bí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Mo ní kí Màmá fara balẹ̀, pé n ó padà kọ àwọn yẹn lára ìwé tí mo bá ráyè. Mo ráyè o. Mi ò kàn ṣe é ni, kí Màmá lè mọ̀ pé inú ń bí mi.

Kò pẹ́ sí i, àyà ń dun Màmá, wọ́n gbé wọn lọ sí ọsíbítù fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọmọ wọn obìnrin wá palẹ̀ pálọ̀ mọ́, kí ibùsùn aláìsàn lè ráyè wọlé. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó gbé àpótí yẹn, eruku mú un sín, ó bi mí bóyá a ṣì nílò ohun tó wà níbẹ̀.

Mo gbé àyà sókè. Mo ní, "Orin tí Màmá fẹ́? Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó wà nínú ìwé mi." Bí a ṣe máa ń wí ní kọ́áyà nìyẹn: tó bá ti di lẹ́tà, ó tán, ẹ gbé ti òyìnbó sọnù. Mo padà sídìí aṣọ tí mò ń fọ̀.

Ìgbà tí Màmá fẹ́ dé ni mo wá àpótí tì. Mo pe ọmọ wọn. Ó ní, "Ṣebí o ní o ti kọ ọ́ tán?" Yéè, mo dáràn! Mo sáré dé ìdí ike ìdọ̀tí, mo tẹ orí bọ inú rẹ̀. Ọkọ̀ akólẹ̀ ti wá, ó ti lọ.

Mo jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo gbìyànjú láti rántí wẹ́wẹ́ orin yẹn, ẹyọ kan péré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ojú mi fi rí wọn. Etí mi ò gbọ́ ọ̀kankan.

Wọ́n gbé Màmá dé, wọ́n tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ píánò. Ohùn wọn ti wálẹ̀. Màmá ní kí n mú ìwé orin ìyá àwọn wá, kí á bẹ̀rẹ̀ àwọn kéékèèké. Mo kúnlẹ̀.

"Màmá, wọ́n ti dà á nù. Èmi ni mo ní mo ti kọ ọ́ tán. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá."

Mo rò pé wọ́n á bú mi. Wọ́n fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí píánò.

"Tẹ èyí tó o ní."

Mo tẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, mo rí ọwọ́ òsì wọn lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì, àwọn ìka ń sáré gòkè sáré sọ̀, wọ́n ń fi wẹ́wẹ́ dí àwọn ibi tí mo fò. Mo ń wò wọ́n bí ẹni tí ebi ń pa. Ohùn ò jáde níbẹ̀, n ò lè mú ẹyọ kan. Kí n tó dé ìdajì, àwọn ìka náà dúró.

"Ó tó," wọ́n wí. "Ìyá mi ò sí níbẹ̀."

Màmá gbé ọjọ́ mẹ́sàn-án sí i láyé. Àràárọ̀ ni mò ń jókòó sídìí píánò, tí mò ń retí kí wọ́n ní kí n tẹ nǹkan. Wọn ò ní kí n tẹ nǹkan kan mọ́ títí wọ́n fi kú.