Baba Miao Tó Fi Èébú Ṣe Oògùn

Èébú ni Baba Miao fi gbé Ìyá Suqin dìde, gbogbo àdúgbò ló sì ti mọ̀ ọ́n báyìí. Láti ìgbà tí ọkọ obìnrin náà ti kú ló ti kọjú sí ògiri. Kò jẹun, kò sunkún, ó kàn ń gbẹ lọ bí ewé tíì ni. Suqin ọmọ rẹ̀ rí i pé ikú ló ń bọ̀ yìí, ló bá sáré pe oníṣègùn.

Baba Miao di ọrùn ọwọ́ aláìsàn mú, ó wo ahọ́n rẹ̀, ó ní èémí ẹ̀dọ̀ ló dí, ìrònú ló ta á ní kókó. Kò sí egbòogi tó lè tú u, àfi ìbínú. Ó jókòó, ó lá ẹ̀kọ ìrẹsì tí wọ́n sè fún aláìsàn tán, ó nu ẹnu.

"Ìyá Suqin, ṣé torí ọkọ yìí lẹ ṣe ń pa ara yín? Ọkùnrin tó ń jí ọmọ ayò gbé?"

Obìnrin náà yíjú padà. "Ta lò ń bú?"

"Ọkọ yín ni. Ẹ̀kọ yín náà ò sì dùn."

Ìgbálẹ̀ ló fi lé e dé ẹnu afárá. Nígbà tí obìnrin náà fi máa padà délé, ebi ti ń pa á.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọlọ́gbọ́n ni Baba Miao o. Ó ní bí òun bá ti fọwọ́ kan iṣan, òun á mọ ohun tí èèyàn bá ìyàwó rẹ̀ jà lé lórí. Ìyàwó tirẹ̀ ń bínú nílé, kò mọ ìdí ẹ̀ títí ìyàwó náà fi kú.

Ọlọ́jà sílíìkì kan wá sọ pé inú òun kì í dùn, kó fún òun ní gbòǹgbò olówó ńlá. Baba Miao bu èèpo ọsàn gbígbẹ fún un, ó ní kó máa rẹ́rìn-ín sí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀. Ọkùnrin náà ní ti ẹ̀rín yẹn korò ju àgbo lọ.

Bí a bá se àgbo tán, ojú ọ̀nà la ń da pàǹtí ẹ̀ sí, kí ẹsẹ̀ èrò lè tẹ àìsàn náà lọ. Baba Miao ló ń tẹnu mọ́ ọn jù. Òun náà ló ń fò ó kọjá bí ọ̀pọ̀lọ́.

Suqin fẹ́ jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀ pé oògùn lèébú yẹn. Baba Miao kọ̀, ó ní bí ìbínú bá rọ̀, kókó á tún ta. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Suqin, ẹni tó mọ oúnjẹ sè jù ládùúgbò, ṣe tìlẹ̀kùn mọ́ Baba Miao títí bàbá náà fi kú, ọ̀jẹun bíi tirẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Ìyá Suqin ní òun ò ní débẹ̀. Suqin bá là á fún un.

"Ó mọ̀ pé mo kórìíra òun?"

"Ó mọ̀, Màmá."

Ó dìde, ó so aṣọ funfun ọ̀fọ̀ mọ́ apá, ó lọ jókòó ti pósí náà, ló bá bú sẹ́kún. Àwọn èèyàn ń wo ara wọn, wọ́n ní ẹkún oníṣègùn yìí mà pọ̀. Suqin mọ̀ pé ẹkún bàbá òun wà nínú ẹ̀. Ó fa àpótí ìjókòó kan sún mọ́ ìyá rẹ̀, ó jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn.