Ọgbọ̀n Ìṣẹ́jú Akíntóyè

Láti ọjọ́ tí Akíntóyè ti rí Lawrence tó ń kọ nǹkan sínú ìwé pélébé kan ni ọkàn rẹ̀ ò ti balẹ̀ mọ́. Dùùrù ni Akíntóyè ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan ní Oǹdó, ṣùgbọ́n láràárọ̀ Sátidé, á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Àkúrẹ́, á sì fi orin dùùrù àti fèrè àwọn òyìnbó àtijọ́ dá àwọn èèyàn lára yá lórí rédíò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọdún kọkànlá rẹ̀ nìyẹn. Ẹ gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ṣáà má fọwọ́ kan ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn.

Lawrence, ará Òkìtìpupa tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ló ń bá a gbé àwo orin sórí ẹ̀rọ. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìyẹn gan-an ló sì ń ba Akíntóyè lẹ́rù. Ayé ìjọba ológun ni. Epo wọ́n, owó oṣù ò wọlé, àwọn tó ń fẹjọ́ ẹlẹ́gbẹ́ wọn sùn sì pọ̀ ju àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ. Kí lẹni tó ń gbé àwo fẹ́ fi ìwé ṣe? Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti rí i tó mú lẹ́tà wọ yàrá Ọ̀gbẹ́ni Adébùsóyè, ọ̀gá àgbà wọn.

Ní Sátidé kan, Akíntóyè fi orin fèrè àwọn ológun bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀, kò tíì kí ẹnikẹ́ni. Orin náà dùn mọ́ ọn débi pé ó gbàgbé pé irú rẹ̀ ni rédíò máa ń kọ́kọ́ kọ lọ́jọ́ tí àwọn ṣọ́jà bá gbàjọba. Kó tó la ẹnu, Ọjà Ọba ti tú. Àwọn aránṣọ tilẹ̀kùn, ọlọ́kadà ò dúró gbé èrò, àwọn ìyá sì ń sáré wá ọmọ wọn kiri.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá pe àwọn méjèèjì.

"Ta ló yan àwo yẹn? Àwọn tó wà lókè ń bèèrè orúkọ ẹnì kan."

Akíntóyè wo Lawrence. Ó dá a lójú pé Lawrence ló lọ fẹjọ́ òun sùn, inú sì bí i gidigidi.

"Lawrence ni, sà. Òun ló gbé e sórí ẹ̀rọ."

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n lé Lawrence níṣẹ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Akíntóyè yà lọ́dọ̀ ọ̀gá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Lawrence ló fẹjọ́ mi sùn lóòótọ́?"

"Ẹjọ́ wo? Orí rédíò lo ti kọ orin yẹn, Akíntóyè. Gbogbo ìlú ló gbọ́."

Ọ̀gá fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó sì kó lẹ́tà méjì jáde. Lawrence ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ wọ́n. Ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sọ ètò Akíntóyè di wákàtí kan. Ó to orúkọ àwọn àwo tó fẹ́ tún gbọ́ sísàlẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ̀yìn, bó ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé pélébé rẹ̀.

Ojú ti Akíntóyè. Ó wọ yàrá ètò lọ, ó mú àwo àkọ́kọ́ tó wà nínú lẹ́tà náà, ó sì gbé e sórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Láti ọdún mọ́kànlá, ọjọ́ yẹn ni ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọ́kọ́ gùn jù fún un.